Ọ̀rọ̀ Tí A Tẹ̀ Sínú Ìwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá rí báyìí, kí ni a ó ti wí nípa èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé? Ọ̀rọ̀ ẹnu lè bá afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé wà nílẹ̀ de ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ìròyìn ní láti kọ́kọ́ mọ èyí.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1924 ni D. A. Ọbasá, akéwì, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ The Yoruba News jáde ní Ìbàdàn. Ní 1949 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Nígbà tí ó di 1973, àjọ ITF gbé ètò kalẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa lọ fojú rí iṣẹ́ kí ó tó gboyè. Irú ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan dé ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta.

Ìbéèrè mẹ́fà ni ó kó dání láti ilé-ìwé: ta ni, kí ni, níbo, nígbà wo, èé ṣe, báwo. Ó rò pé ẹni tí ó bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti parí iṣẹ́. Mápó ni ó ti mọ̀ pé "ta ni" nìkan tó iṣẹ́ òòjọ́. Ó tẹ̀lé àgbà oníròyìn kan lọ sí ayẹyẹ ní gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929 lórí òkè náà. Bí àgbà yìí ti ń kọ orúkọ àwọn ìjòyè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wádìí ẹni tí ó ṣáájú ẹni.

"Ọ̀gá, bí a bá ti kọ orúkọ gbogbo wọn, ṣé kò tán?"

"Kò tán o. Ní Ìbàdàn, lẹ́sẹẹsẹ ni à ń joyè."

Òótọ́ ni. Ìlà méjì ni ó wà, ìlà Olúbàdàn àti ìlà Balógun. Ìjòyè ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn bí àyè bá ti ṣí sílẹ̀. Bí ọba bá sì wàjà, ìlà méjèèjì a máa gbà á fún ara wọn. Ẹni tí ó súnmọ́ òkè lónìí lè jọba lọ́la. Bí oníròyìn bá gbé orúkọ ẹnìkan ṣáájú ẹni tí ó jù ú lọ, ó ti fi gègé fi í joyè nìyẹn. Orúkọ oyè ọba pàápàá ní ìtàn: Baálẹ̀ ni à ń pè é títí di 1936, kí a tó máa pè é ní Olúbàdàn.

Lẹ́yìn èyí, òjò ńlá kan wó ilé alámọ̀ ní Bẹyẹrúnkà, wọ́n sì rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà lọ. Ìyá àgbà kan, opó, tí yàrá rẹ̀ wó, kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà kan rí, ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé òun ń tọrọ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni òun kò sọ ju pé páànù ilé òun ṣí lọ. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn odi kà á, ó sì ránṣẹ́ sílé tẹkúntẹkún pé ta ni yóò gbà mọ́ pé òun ń tọ́jú ìyá òun.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ohunkóhun tí mo bá kọ, n ó kà á sí yín létí kí n tó lọ."

Ó kọ ọ́, ó sì kà á. Ìyá fi ara balẹ̀ gbọ́, ó ní kí ó yọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kúrò: "aláìní."

"Mo ní àtẹ tèmi l'Ọ́jà'ba, ọmọ mi. Ilé ni ó wó, èmi kò wó."

Ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ́fíìsì, olóòtú kọ àkọlé sí i lórí: OPÓ ALÁÌNÍ Ń KÉ GBÀJARÈ. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, Ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n yọ 'aláìní' kúrò."

"Irú àkọlé yìí ni ó ń mú ìwé tà."

"Yóò tà lẹ́ẹ̀kan, sà. Bí òjò bá tún rọ̀, ta ni yóò dá wa lóhùn ní Bẹyẹrúnkà?"

Olóòtú wò ó títí. Ó fa ilà sí àkọlé náà, ó kọ òmíràn: ÒJÒ WÓ ILÉ NÍ BẸYẸRÚNKÀ. Kò yìn ín; ó na ọwọ́ sí iṣẹ́ mìíràn.

Akéde ayé àtijọ́ kò kọ́ ìbéèrè mẹ́fà. Àdúgbò tí ó ti lu agogo lánàá ni yóò tún gbà kọjá lọ́la, ojú àwọn tí ó ti gbọ́ ọ ni yóò sì bá pàdé. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣọ́ ẹnu. Ẹni tí ó ń fi ìwé kéde kì í rí ojú òǹkàwé, ó sì rọrùn fún un láti gbàgbé pé wọ́n lójú. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní àròkọ, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún ìlànà wa: kí a máa kọ̀wé nípa ẹlòmíràn bí ẹni tí yóò kà á sí i létí.