Orin Ojú Agbo Kò Tán Nínú Àwo

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí orin àpàlà nínú ìdánwò, àwo ni yóò kọ́kọ́ wá lọ. Yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, yóò da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú ìwé, yóò sì máa pe ohun tí ó kọ náà ní orin. Kò purọ́, nítorí ohùn olórin ni ó gbọ́. Ṣùgbọ́n awẹ́ kan péré lára obì ni ó mú lọ́wọ́. Orin Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu olórin nìkan. Onílù tí ó ń dá a lóhùn, ẹlẹ́gbè tí ó ń gbe orin, àti onínàáwó tí ó dìde jó nígbà tí ó gbọ́ oríkì bàbá rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Ojú agbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwo kàn bu díẹ̀ nínú rẹ̀ ni.

Ẹ wo Alhaji Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà tí orúkọ rẹ̀ àti ti Ìjẹ̀bú-Igbó kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ní 1948 ni ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó fi yin Ọba Adéboyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, Hárúnà tún orin náà ṣe, ó gbé e jáde ní 1955, ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ sì wá kàn. Ẹni tí ó wà láàyè ni ó kọ́kọ́ yìn. Olóògbé ni ó yìn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀kan tí kò mọ̀ nípa èkejì yóò rò pé orin náà ti dúró sójú kan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Àwo ayé ìgbà náà, ojú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Àwo ńlá tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lójú kan. Òun ni ó fún orin bíi Òròkí Social Club, tí Hárúnà ṣe ní 1971 fún ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, láàyè láti na ẹsẹ̀ díẹ̀. Lóde àríyá ńkọ́? Níbẹ̀, olórin lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ kí ó má dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Yóò ki ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, yóò dárò ẹni tí kò sí mọ́, yóò fi òwe bá ẹni tí ó ń jà wí, ìlù yóò sì máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ojú àwo tí ó lè gba gbogbo èyí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ní 1964 àti 1965, ẹgbẹ́ olórin Beatles ṣeré ní gbàgede Hollywood Bowl ní Los Angeles. Wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n igbe àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó wá wòran bo orin mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé téèpù náà sí orí pẹpẹ, ibẹ̀ ni ó wà títí di 1977 kí wọ́n tó sọ ọ́ di àwo. Igbe tí wọ́n kà sí àbùkù tẹ́lẹ̀ ti di ẹ̀rí bí ayé ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bákan náà, ẹgbẹ́ The Who ṣeré ní Yunifásítì Leeds ní 14 oṣù kejì 1970, àwo rẹ̀ sì jáde lọ́dún náà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ṣeré ní ìlú Hull, ṣùgbọ́n téèpù ti Hull dúró di 2010. Ohùn gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ kò sí nínú àwọn orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti Leeds ni wọ́n yá láti fi dí àlàfo náà. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ni. Ohun tí wọ́n bá tọ́jú lè wúlò lẹ́yìn 40 ọdún. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 1971, Fẹlá ọmọ Abẹ́òkúta àti Ginger Baker, onílù Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Cream, jọ ṣe àwo kan ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò dá wà nínú ilé náà: wọ́n kó òǹwòran wọlé, kí olórin lè rí ojú tí yóò kọrin sí. Nígbà tí wọ́n tún àwo náà gbé jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi ìlù tí Ginger Baker àti Tony Allen jọ lù ní Berlin ní 1978 kún un.

Ẹnìkan lè sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú agbo ni ó dára. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ a máa pariwo, owó a máa sọ ẹni tí kò níwà di ẹni ìyìn, ohùn a sì máa há kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwo pẹ̀lú ní ẹwà tirẹ̀: nítorí pé àyè há, olórin a ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀, òwe a sì ki pọ̀. Nítorí náà kò yẹ kí ọ̀kan pa èkejì. Ohun tí ó yẹ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ èyí tí òun ń tú palẹ̀, ti inú àwo tàbí ti ojú agbo.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ti inú àwo ní alágbàtọ́, ti ojú agbo kò ní. Hárúnà mọ iyì ohun ìní. Ní 1969, òun àti I. K. Dáírò dá ilé iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀, kí olórin lè ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó tó di olóògbé ní 1983. Ṣùgbọ́n orin òde kì í sábà dé irú ilé bẹ́ẹ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì tí ọmọ onínàáwó gbé síwájú gbohùngbohùn ni ó wà, nínú páálí, lábẹ́ ibùsùn, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní ìletò gbogbo. Òjò ń rọ̀, ìhunrírà ń bò ó, okùn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Pórógun ní irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ti òkú ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó fi í sí ẹ̀rọ, olórin ń pe àwọn ọmọ olóògbé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́gbè ń gbè, obìnrin kan sì hó yèè láti ẹ̀yìn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Bàbá àgbà, ta ló hó yẹn?" Ó ní, "Àbúrò mi obìnrin ni. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ wà mọ́." Ilé ìgbohùnsílẹ̀ ì bá ti gé igbe náà kúrò.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kò ju agbára ilé ẹ̀kọ́ lọ. Kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ sílé láti béèrè irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi ìtẹríba tọrọ ààyè, kí wọ́n dà á kọ sórí ẹ̀rọ tuntun, kí wọ́n sì dá a padà. Kí wọ́n kọ ọjọ́, ibi, ayẹyẹ, olórin, onílù àti orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n kì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí okùn bá ti já, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó já. Okùn lè dúró díẹ̀ sí i bí wọ́n bá gbé e kúrò níbi òjò. Àgbà tí ó mọ ẹni tí olórin ń pè ni kò ní dúró títí.