Ebi Epo

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà ké ebi yàtọ̀ sí tiwa. Ara ẹni tí ebi ń pa a máa rọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí epo tó a sì máa gbóná sí i. A máa lọ́ra kí ó tó gbéra nígbà tí a bá tẹ tọ́tù, a máa gbọ̀n bí ó bá dúró lójú kan, nígbà mìíràn a sì dún pàù láti ibi tí ó ti ń fa atẹ́gùn, bí ìbọn ọmọdé. Bí ó bá pẹ́ lórí ebi yìí, pàápàá bí ó bá ń ru ẹrù gun òkè, ooru náà lè jó fáàfù inú rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ta kókó. Kí bẹntiróò tí ó wọn kìlógíráàmù 1 tó lè jó dáadáa, ó ń fẹ́ atẹ́gùn tí ó tó kìlógíráàmù 14.7. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí epo bá dín, ebi epo dé nìyẹn. Gbólóhùn yìí, ebi epo, kì í ṣe tèmi. Ẹnu mẹkáníìkì kan ní Lọ́kọ́jà ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì yẹ kí àwa tí a ń jókòó ti tábìlì wá orúkọ Yorùbá fún nǹkan ìgbàlódé máa yà sí ọ̀dọ̀ irú wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ mi, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003, ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná kékeré tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ṣàdédé tàn níwájú mi, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níbikíbi tí mo bá ti dúró. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọn. P0171 ni ó jáde. Ìtumọ̀ èyí ni pé epo kò tó atẹ́gùn. Lọ́gán ni ó ní sẹ́ńsọ̀ inú páìpù èéfín ti kú, kí n wá owó tuntun. Iye tí ó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó oṣù mi, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e gan-an ni mo sì fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ sí Kàbà láti ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè Owé.

Wọ́n ń fìyà jẹ sẹ́ńsọ̀ yìí púpọ̀ láìṣẹ̀. Ọdún 1976 ni ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé e jáde, ọkọ̀ Volvo ni ó sì kọ́kọ́ lò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́ èéfín wò. Bí atẹ́gùn bá ṣẹ́kù púpọ̀ nínú èéfín, nǹkan bí fóltì 0.1 ni yóò fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Bí epo ni ó pọ̀ jù, yóò tó 0.9. Ìránṣẹ́ lásán ni. Lóòótọ́, a lè tan ìránṣẹ́ náà jẹ: bí páìpù èéfín bá lu ṣáájú ibi tí ó wà, atẹ́gùn ìta yóò yọ́ wọlé, òun yóò sì máa kígbe ebi tí kò sí. Ṣùgbọ́n kí a lé ìránṣẹ́ lọ láìtíì wádìí iṣẹ́ tí ó jẹ́, n kò rí ọgbọ́n níbẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ mi kúrò.

Àgbàlagbà ni mẹkáníìkì kejì. Kò tilẹ̀ tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó fi bi mí pé, "Tíṣà, ìgbà wo gan-an ni ebi epo ń pa ọkọ̀ yín? Ìgbà tí ó bá dúró ni, àbí ìgbà tí ó bá ń gun òkè?"

Mo ní, "Bàbá, ìgbà tí ó bá dúró ni. Bí mo bá ti ń sáré, ara rẹ̀ a balẹ̀."

Ìbéèrè yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé orí òkè ni, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń béèrè epo púpọ̀, páǹpù tí ó ti rẹ̀ tàbí asẹ́ epo tí ó dí ni à bá fura sí. Ti ìdúró yàtọ̀. Bàbá ní, "Oníbodè kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Iye tí ó bá kà ni kọ̀ǹpútà fi ń bu epo. Èyí tí ó bá fo odi wọlé ńkọ́, ta ni yóò kà á?" Sẹ́ńsọ̀ tí ó ń wọn atẹ́gùn ni ó pè ní oníbodè. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹnu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, atẹ́gùn tí ó ń gba ibẹ̀ kò pọ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń fà gidigidi. Nítorí náà ni èyí tí ó fo odi ṣe ń di ńlá. Bí a bá tẹ tọ́tù, ẹnu ọ̀nà ṣí gbayawu, ti olè náà kò sì tó nǹkan mọ́.

Òun náà so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe P0171 ni ó ń wò. Iye epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún oúnjẹ ẹ́ńjìnnì ni ó kà: 24 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ọkọ̀ dúró, 6 péré nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Àwọn mìíràn a máa fọ́n oògùn tí a fi ń fọ kábúrétọ̀, ṣùgbọ́n iná lè sọ lójú ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ìró kò yí padà.

"Bíréèkì ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé ó ti ń le lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Kò fèsì. Ó mú ẹ̀mú, ó fún rọ́bà nínípọn tí ó ti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi tí bíréèkì ti ń gba ìrànlọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Ó ti là lábẹ́, níbi tí ojú kò tó, ooru àti ọjọ́ pípẹ́ ni ó sì là á. Àìsàn kan ṣoṣo ni ó mú ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì pọ̀. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ni a pààrọ̀, bíréèkì líle yẹn náà ni ǹ bá fi kó ọmọ ọlọ́mọ mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè ọ̀nà Kàbà.

Owó rọ́bà tuntun kò tó owó epo tí a rà lọ. Mo gba ògbólógbòó rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, ó sì wà lórí tábìlì mi. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí i, kí ó yà wá. Àfi kí ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ó tó rí ibi tí ó ti là.