Omi Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Sìn Kẹ́ Ẹ Tó Sin Ẹja

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti àgbàdo, kì í sì í ṣe ti pákí. Ọ̀rọ̀ ẹja inú àpótí gíláàsì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní aquarium. Ẹ má tíì sọ pé nǹkan olówó nìyẹn o. Ẹni tó bá ń sin àrọ̀ nínú táńkì, kó fara balẹ̀ kà á, torí ohun tó pa ẹja inú gíláàsì wa, òun náà ló ń pa ẹja nínú táńkì kọnkéré.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n ṣe Ojúde Ọba lọ́dún náà, màmá kan tó ń ta oúnjẹ nítòsí Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde ránṣẹ́ pè wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹja. Ẹ bá mi to àpótí ẹja aláràbarà síwájú ṣọ́ọ̀bù, káwọn tó ń bọ̀ wálé láti Èkó rí nǹkan wò tí wọ́n bá ń jẹun." Owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fẹ́ fi ṣe é.

Àwa méjì la lọ. A kàwé ní Poly, a sì ti gbọ́ tẹnu àwọn tó ń sin àrọ̀ ní Eriwe, níbi tí iṣẹ́ ẹja ti gbilẹ̀ látinú ètò ìgbógun-ti-òṣì tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Kí ló wá kù tá ò mọ̀? Bá a ṣe rò nìyẹn. A ní kí màmá má ṣe ìyọnu.

A ní kí wọ́n gé gíláàsì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀: gígùn rẹ̀ 60 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 30. Ọjọ́ tó dé la rọ omi ẹ̀rọ kún un. Ọjọ́ kejì la lọ ra ẹja mẹ́rìnlélógún l'Ékòó, pupa, yẹ́lò, dúdú, a sì dà wọ́n sínú rẹ̀. Oúnjẹ àrọ̀ tó ń léfòó la rún sí i fún wọn. Inú màmá dùn, àwa náà yọ̀.

Ọjọ́ kẹta, omi ti funfun bí omi ògì. Ọjọ́ kẹrin, gbogbo ẹja wá sókè, wọ́n ń yanu. Ọjọ́ karùn-ún, mẹ́sàn-án ti kú. Àwa wá ṣe ohun tó burú jù: a da gbogbo omi nù, a fọ fóòmù inú fíltà lábẹ́ omi ẹ̀rọ títí ó fi mọ́ tónítóní, a tún rọ omi ẹ̀rọ míì sí i lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹja méjì ló kù. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí àwọn ẹgbẹ́ ń kọjá pẹ̀lú ẹṣin, aṣọ ni màmá fi bo àpótí náà. Kò bínú sí wa, ìyẹn ló sì dùn wá jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ṣé báyìí náà lẹ ṣe ń sọ fún àwọn àgbẹ̀?"

A ò rí èsì fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹja ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, ó ń mí, inú omi kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ara rẹ̀ ni amóníà ti ń jáde. Ẹ̀yin ọlọ́sìn adìẹ mọ amóníà dáadáa: òun ló máa ń ta yín nímú tí ìdọ̀tí adìẹ bá rin. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó ń gbé e lọ. Nínú àpótí tó gba lítà 54, kò síbi tó fẹ́ gbà lọ. Bó ṣe ń pọ̀ ló ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán náà ń jẹrà, ó ń fi kún un.

Ọlọ́run ti ṣe bakitéríà kan tó ń jẹ amóníà, tó ń sọ ọ́ di nitrite. Májèlé ni nitrite náà. Bakitéríà mìíràn á gba ìyẹn, á sọ ọ́ di nitrate, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tá a lè máa fi pípààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ dín kù. Àmọ́ nínú àpótí tuntun, wọn ò tíì sí níbẹ̀ tó nǹkan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀. Ara òkúta wẹ́wẹ́ àti ara fóòmù fíltà ni wọ́n ń gbé jù. Klọ́ríìnì inú omi ẹ̀rọ ń pa wọ́n, ó sì ń ṣe ẹja fúnra rẹ̀ ní jàǹbá. Ẹ wá rí i báyìí: fóòmù tá a fọ̀ mọ́ tónítóní yẹn, ìwọ̀nba olùrànlọ́wọ́ tá a ní la fọ̀ dànù.

Àrọ̀ ló tàn wá jẹ. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ láti òkè, ìyẹn ló jẹ́ kó lè wà láàyè nínú omi tí ẹpìyà máa kú sí. Ẹni tó ti sin àrọ̀ fọ́dún mẹ́wàá lè máà tíì mọ omi rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn lè dun àwọn kan, àmọ́ ara wa la kọ́kọ́ fi sọ.

A padà lọ bẹ màmá, a ní owó wa la máa fi tún un ṣe. Tábìlì onírọ́bà tá a gbé e lé tẹ́lẹ̀ ti ń tẹ̀: omi inú rẹ̀ nìkan ju àpò símẹ́ńtì kan lọ! Kafíńtà bá wa kan ti pákó. A gbé e kúrò níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, torí oòrùn ló ń sọ omi di ewéko. A pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, a ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí klọ́ríìnì lọ. A tọrọ fóòmù àtijọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí àpótí tiẹ̀ ti pẹ́, a fi sí tiwa. Lójoojúmọ́, a ń ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi tí kò sí ẹja, kó jẹrà, kí bakitéríà rí nǹkan jẹ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Màmá ní, "Omi lásán lẹ gbé sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé Olókun lẹ fẹ́ bọ ni?" Àwọn oníbàárà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ò dáhùn, ìwé pẹlẹbẹ tó ń yí àwọ̀ là ń kì bọ omi. Ìgbà tó fi hàn pé amóníà àti nitrite ò sí mọ́ la tó ra gọ́pì mẹ́fà péré. A gbé ọ̀rá wọn lé orí omi fún ogún ìṣẹ́jú, a ń bu omi àpótí sí i díẹ̀díẹ̀, ká tó tú wọn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la tó fi òmíràn kún un.

Ìwé àwọn òyìnbó á ní kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Ẹ fi owó yín pamọ́, omi ilé wa ò tutù jù fún wọn, àfi bóyá lóru ọyẹ́. Wàhálà tiwa ni NẸ́PÀ. Tí iná bá lọ, fíltà dúró, afẹ́fẹ́ ò sì wọ omi mọ́. A ra èyí tó ń lo bátìrì kékeré, ṣùgbọ́n ohun tó gbà wá jù ni pé ẹja ò pọ̀. Wàhálà kejì ni àwọn oníbàárà tó ń já èbà sínú omi. Màmá kọ̀wé mọ́ ọn lára: "Ẹja ti jẹun." Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi, kò pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ rí. Omi ìdọ̀tí tó bù jáde ló fi ń ṣan fóòmù.

Ẹ̀yin oníkọnkéré, ìkánjú kan náà ni tiyín. Símẹ́ńtì tuntun ń tú èròjà ẹfun sínú omi, ẹ sì fẹ́ da ọmọ ẹja sí i lọ́sẹ̀ tí bíríkìlà parí iṣẹ́. Ẹ pọn omi kún un, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀melòó kan. Àwọn kan ń ju ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, àmọ́ ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má da omi nù.

Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹja kékeré kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní kribensis, tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bíi ṣẹ́rí. Àwọn odò gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fowó rà á sínú gíláàsì.

Gọ́pì kì í yé ẹyin, ààyè ọmọ ló ń bí. Ti màmá ti bí tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan fi sanwó kó lára ọmọ wọn. Ó wá ní òun fẹ́ àpótí kejì kí Iléyá tó dé. A ní kó rọ omi sí i lóṣù méjì ṣáájú. Ó ní àwọn èèyàn á tún máa béèrè ibi tí ẹja wà. A ní kó sọ fún wọn pé ẹja ń bọ̀ lọ́nà.