Ẹ Tú Òwú Fún Un

Òtútù tọdún yìí ò ṣe kékeré. Ibi gíga la kúkú tẹ̀dó sí, Jos fi ohun tó lé ní 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Tí ọ̀yẹ́ bá ti wọlé, atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti apá aṣálẹ̀ kì í sinmi. Àwa àgbà á máa ráhùn ètè tó là àti eruku orí tábìlì. Àwọn ọmọdé á máa dúpẹ́ ní tiwọn, torí àsìkò káìtì dé nìyẹn.

Inú ilé wa lọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ kan, ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Jos la ti ṣègbéyàwó, ibẹ̀ náà la bí àwọn ọmọ wa sí. Àkọ́bí wa gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ. Ó parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó ní Zaria lòun ti fẹ́ kàwé. Àwa ní rárá, ilé ni, níbi tí àwọn ẹbí á ti máa fojú tó o. Kó tó dìgbà yẹn, ó ti yé bá wa lọ sí ìsìn Yorùbá, ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì ló ń lọ. Lójú tiwa, ọmọ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

A gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. A ń bi í léèrè ibi tó lọ, ẹni tó bá lọ, ohun tí wọ́n sọ. Ká má parọ́, àdúrà alaalẹ́ wa gan-an wá di ìbáwí. A ó di ojú, a ó máa fẹjọ́ ọmọ sun Olúwa létí ọmọ. Á ṣe àmín wẹ́rẹ́, á wọ yàrá lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, òun àti bàbá rẹ̀ ò sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́" lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbíkẹ́yìn wa ní òun fẹ́ káìtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ, ó dè wọ́n ní àgbélébùú, ó fi ọ̀rá tí àwọn ará ibí ń pè ní léda bò ó. Ó gba òwú ìránṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wé e mọ́ agolo mílíìkì. Lẹ́yìn náà ló wá so ègé áńkárá tó gùn mọ́ ọn nídìí. Bàbá ò lè mọ́wọ́ dúró: "Ohun tó fẹ́ fò, kí lo tún ń di ẹrù lé e sí?"

"Dádì, ìrù ẹ̀ nìyẹn. Tí ò bá ní in, á kàn máa pòòyì, á sì forí sọlẹ̀."

A bá wọn dé pápá ẹ̀yìn ilé. Káìtì gòkè, ó ga ju mángòrò lọ. Inú àbíkẹ́yìn dùn, ló bá ń pariwo pé kí ẹ̀gbọ́n òun fi òwú sílẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọsánmà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òwú yìí ló gbé e dúró. Tí n bá fi sílẹ̀, ó jábọ́ nìyẹn."

Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà dì í mú. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn líle kan fẹ́. Ẹ̀rù bà á, ó wé òwú mọ́ka, ó fà á. Ọmọ kígbe: "Dádì, ẹ má fà á! Ẹ tú òwú fún un!" Ó ti bọ́ sórí. Òwú já, ó ya bàbá níka, káìtì sì lọ jábọ́ sórí páànù aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Lálẹ́, a ò wàásù. Bàbá kàn bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tú u. Ó ní, "Tí atẹ́gùn bá le, ẹ ó tú díẹ̀. Tó bá dẹ̀, ẹ ó fà díẹ̀. Ọwọ́ yín á máa gbọ́ ohun tí òwú ń sọ."

Àwa méjèèjì ò tètè sùn lóru ọjọ́ náà. A rántí pé atẹ́gùn ni Jésù fi ṣàpèjúwe fún Nikodémù nínú Jòhánù orí 3. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró fún atẹ́gùn àti Ẹ̀mí. Àwa ti fi ara wa ṣe atẹ́gùn ọmọ yìí, a tún fẹ́ pinnu ibi tí yóò fẹ́ ẹ lọ. Iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ nìyẹn, kì í ṣe tiwa.

A tún rántí bàbá tó wà nínú Lúùkù orí 15. Ọmọ ní òun fẹ́ lọ, bàbá pín ogún fún un, ó jẹ́ kó lọ. Àmọ́ nígbà tí ọmọ ń padà bọ̀, òkèèrè ni bàbá ti rí i. Ẹni tí kò máa wo ọ̀nà, báwo ló ṣe máa rí èèyàn lókèèrè? Bàbá yẹn tú òwú, kò já a. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe ń bá àwa náà lò látọjọ́ tá a ti kúrò nílé.

Zaria lọmọ náà wà báyìí. Ìsìn tí wọ́n ń fi Haúsá ṣe ló ń lọ. A rẹ́rìn-ín nígbà tá a gbọ́, Olúwa kúkú gbọ́ Haúsá. Alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè wá. Ìgbà mìíràn wà tí fóònù ò ní dún, tí ọwọ́ bàbá á máa yún un láti pè, kó sì béèrè ibi tó wà. Ìyá á wò ó, á ní, "Bàbá, ẹ tú u." A ó kúnlẹ̀, a ó gbàdúrà fún un, kì í ṣe sí i.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lájò bíi tiwa, ẹ má fi òwú sílẹ̀ o. Ẹ má sì fà á já. Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tẹ́ ẹ rò pé ó ń dè yín mọ́lẹ̀ yẹn, ẹ rọra wò ó dáadáa, bóyá òun ló gbé yín dúró.

Òwú wa ò ní já o, lórúkọ Jésù. Ẹ kú ìmúra ọdún.