Eré Kẹ̀kẹ́ Tó Wá Báni Nílé

Nínú oṣù kìíní, tí òtútù bá ń han àwọn agùnkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé léèmọ̀, Gabon ni àwọn kan nínú wọn ti máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ ọdún tẹ́lẹ̀. Ní 2006 ni eré kẹ̀kẹ́ La Tropicale Amissa Bongo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ìpele kan lóòjọ́, láti ìlú dé ìlú, ẹni tí àròpọ̀ wákàtí rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Àwọn kan ní eré Òyìnbó ni, pé títì wa ni wọ́n fi ń na iṣan. Wọ́n ní ẹ̀rí, nítorí Anthony Charteau, ọmọ Faransé, gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léra, láti 2010 sí 2012. Ṣùgbọ́n Charteau yìí kan náà ló gba ẹ̀wù ẹni tó mọ òkè gùn jù ní Tour de France 2010. Ọmọ Áfíríkà tó rọ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ní Gabon, tó ń tẹ pẹ́dà kí àlàfo má baà ṣí, ti mọ ibi tí agbára òun dé láìgba físà lọ sí Yúróòpù. Èyí ni mo fi ka eré náà sí. Natnael Berhane ọmọ Eritrea gbà á ní 2014, Joseph Areruya ọmọ Rwanda gbà á ní 2018. Ní 2019, Biniam Girmay, ọmọ ọdún 18 láti Eritrea, gba ìpele kan níbẹ̀. Nígbà tó di 2024, ó gba ìpele mẹ́ta ní Tour de France, níbi tí aláwọ̀dúdú ilẹ̀ Áfíríkà kankan kò ti gba ìpele rí.

Àtakò tó le jù ni ti orúkọ. Orúkọ ọmọ kan tó kú fún Omar Bongo, Ààrẹ Gabon nígbà náà, ni wọ́n fi sọ eré náà, àwọn ológun sì gba ìjọba lọ́wọ́ ìdílé yẹn ní oṣù kẹjọ 2023. Mo gbà pé kò yẹ kí eré ìlú rọ̀ mọ́ ilé ẹnì kan. Ẹ wo Tour du Faso, tó bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso ní 1987: ìjọba ń yí, iléeṣẹ́ Faransé tó ń darí rẹ̀ láti 2001 fi í sílẹ̀ lẹ́yìn 2008, síbẹ̀ kò kú, nítorí ọ̀pọ̀ ará Ouagadougou, olú-ìlú ibẹ̀, ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ àti ọjà. Ní tiwa, ọ̀kadà ti lé kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní pópó Òṣogbo. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dá irú eré yìí sílẹ̀ nílé, ọ̀dọ̀ ọmọ iléèwé ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Òyìnbó. Wọ́n á ní títì wa kò dára, awakọ̀ kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, àmọ́ Òṣogbo sí Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, a sì lè dí i fún òwúrọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́. Bí wọ́n bá gùn ún já, kí ìpele ọdún kejì forí lé òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.