Oyè tí A Fi Ń Yẹ Òṣìṣẹ́ Sí

Àwọn àgbà a máa wí pé, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ìlú àti fún ìjọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà ní bí a ti í bà á jẹ́, ìtàn oyè kan tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá yóò sì fi èyí hàn fún ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń gbóná lọ́wọ́, Ọba George Karùn-ún dá oyè Order of the British Empire sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú oyè ọba tí ó ti wà ṣáájú jẹ́ ti balógun, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn ọlọ́lá. Èyí wà fún ẹni tí kò gbé ìbọn ṣùgbọ́n tí ó ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ipò márùn-ún ni ó ní. MBE ni ó kéré jù, OBE sì tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́ tí iyì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Kí ọdún 1921 tó parí, a ti fi í fún ènìyàn tí ó ju 20,000 lọ, àwọn ènìyàn sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní àkókò kan náà, àwọn alágbàtà ń ta oyè ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, owó rẹ̀ sì ń wọ àpò ẹgbẹ́ òṣèlú Lloyd George, olórí ìjọba. Ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ṣe òfin ní ọdún 1925 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta oyè.

Síbẹ̀, oyè náà rí àwọn tí ó yẹ ẹ́. Ní ọdún 1959, D. O. Fagunwa, olùkọ́ tí ó jáde ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, gba MBE. Ní ọdún kejì, ilẹ̀ wa gba òmìnira, nígbà tí ó sì di ọdún 1964, a ṣe òfin oyè tiwa, ti Niger àti ti Federal Republic, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ipò mẹ́rin. Àwọn kan kọ̀ ọ́. Ní ọdún 2003, akéwì Benjamin Zephaniah kọ OBE, nítorí pé ọ̀rọ̀ 'Empire' ń rán an létí oko ẹrú. Ní ọdún 2004, Chinua Achebe kọ oyè ilẹ̀ wa nítorí bí ìlú ti bàjẹ́.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí àwa katikíìsì. Ní ìjọ wa ní Ìsọlọ̀, ẹni tí ó bá mú owó púpọ̀ wá ní ọjọ́ ìkórè ni a máa ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ. Ní ọdún yìí, àwa ni a ní kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìyá kan wà tí ó ń tajà ní Òṣòdì láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì; ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìwé kíkà, láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá, láìgba kọ́bọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a kọ ṣáájú.

Àgbà ìjọ kan wí fún wa pé, "Bí àwọn olówó bá bínú, níbo ni a ó ti rí owó òrùlé?" Òótọ́ ni pé òrùlé ń jò. A dá a lóhùn pé kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́rẹ ní gbangba, kí a sì fún un ní ìwé ẹ̀rí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kí àmì-ẹ̀yẹ jẹ́ ti iṣẹ́; nítorí ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá mọ̀ pé a rà á, ìyá náà pàápàá kò ní fẹ́ ẹ mọ́. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà kí ìkórè tó dé. Ohunkóhun tí wọn ìbáà wí, a kò ní pa orúkọ náà rẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá rí lẹ́tà mẹ́ta lẹ́yìn orúkọ ènìyàn, ẹ béèrè ohun tí ó ṣe.