Aṣọ Tí Wọ́n Rán ní Queensland

Àbúrò mi, fa àga yẹn súnmọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí o jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí a ń sọ lórí ìdúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tí àgbàlagbà Òkìtìpupa ń sọ láìkọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn fèrèsé. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ níwájú rẹ lónìí, kí o lè rí oríṣiríṣi nǹkan tí a ti wọ̀ rí nílẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, tí a bú ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, tí a sì padà ń bá a du ú.

Nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn ọmọkùnrin wa ti Èkó dé pẹ̀lú ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó èyí tí a lè fi gbálẹ̀ ọjà, wọ́n da irun sórí bí igbó àìro, wọ́n sì wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga tó jẹ́ pé obìnrin nìkan la ti rí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn baba wa ní ayé ti parí. Ayé kò parí. Nígbà tó di 1973 tí ìjọba dá iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin wọ ṣòkòtò kákí wọ̀lú, oníwàásù kan dìde, ó ní obìnrin tó bá wọ ṣòkòtò kò ní fojú kan ọ̀run. Ọmọ-ọmọ òun gan-an ló ń wọ ṣòkòtò dá ọkọ̀ dúró lójú títì lónìí, òun ló sì ń fi owó oṣù ibẹ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá àgbà. Lóde òní ńkọ́? Bí o bá fẹ́ fa ọmọ rẹ obìnrin fọ́kọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìbàdí rẹ̀ rọ̀ ju ti ìyàwó lọ ni yóò wá kun ún lójú, tí yóò we gèlè fún ìyá ìyàwó, tí gbogbo wa yóò sì máa kí i pé ó kú iṣẹ́. Owó tó ń gbà ju ti pásítọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí kan náà bá ní òun fẹ́ ṣe akọ̀wé níbi iṣẹ́ rẹ, ìgbà yẹn ni ìwọ yóò rántí pé irú wọn kò dára láwùjọ.

Ìdí tí mo fi ń yí po nìyí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, olùkọ́ ìṣirò kan wà nígbà kan. Kò níyàwó, kò sì jọ pé ó ń wá a. Ó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń dùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń bá àwọn obìnrin gbe ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, páńkẹ́ẹ̀kì sì máa ń hàn díẹ̀ lójú rẹ̀ bí oòrùn bá mú. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbà pé iṣẹ́ èṣù ni ìṣirò, ó kọ́ wọn títí wọ́n fi ń já a jẹ bí àádùn, tí wọ́n sì ń yege nínú ìdánwò WAEC. Kò sí ọmọ kan tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn rí, mo sì fẹ́ kí o di èyí mú, nítorí bó bá jẹ́ pé ó fọwọ́ kan ọmọ ni, akọ ni o, abo ni o, n kì bá tí máa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnìkan rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin kan tó sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta yìí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu àwọn alátẹ, nígbà tí yóò fi dé ìdí ọpọ́n ayò ó ti di ìgbéyàwó.

Wọ́n pe ìpàdé òbí àti olùkọ́. Mo wà níbẹ̀. Ẹni tó pariwo jù lórí ọ̀rọ̀ ìwà mímọ́ lọ́jọ́ náà ni ọkùnrin kan tó bímọ sílé obìnrin mẹ́ta, tí kò sanwó ilé ẹ̀kọ́ ẹyọ kan nínú wọn. Èyí tó kín in lẹ́yìn ló fún ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ lóyún, tí a fi ẹran kan àti owó ìtanràn parí rẹ̀ nílé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ká fìlà mi lọ́wọ́, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò dára, n kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, mo sì ń fi fìlà fẹ́ra.

Olùkọ́ lọ. Sáà méjì gbáko ni kò fi sí olùkọ́ ìṣirò. Nígbẹ̀yìn, ẹni tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi dí i, onítọ̀hún sì ń kọ́ wọn bí ẹni ń gbin pákí: ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó ń retí òjò. Nígbà tí ìjì ká òrùlé kíláàsì kan lọ́dún kejì, àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ olùkọ́ tó lọ yẹn ló ń jà. Káfíńtà gorí àjà, ó fi ọwọ́ kan igi, igi dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ikán ni.

Má rò pé ilé ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ni a ti ń ṣe báyìí. Ṣé o rántí oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè, nígbà tí orí ń fọ́ àwọn èèyàn wa, tí ojú wọn ń fọ́ lójijì, tí wọn kì í sì lò ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó kú? Ó lé ní èèyàn 15 tó lọ. Ohun tí a kọ́kọ́ sọ ni pé òrìṣà ń bínú, pé àwọn kan já wọ ojúbọ Málòkun. Àwọn mìíràn ní oògùn apakòríko ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Èyí ni pé inú ife tó wà lọ́wọ́ wa ni ikú wà, àwa sì ń wá arúfin kiri ìlú. Ògógóró yìí náà, ṣé o mọ̀ pé ìjọba òyìnbó kà á sí ọ̀ràn, wọ́n ń kó àwọn baba wa lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n sè é létí odò, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ kí a ta jíìnì òkè òkun fún wa lójú gbangba? A fi wọ́n rẹ́rìn-ín, a ń sè é lọ. Òfin òyìnbó tó bá ọtí wa jà, a mọ̀ ọ́n ní òfin òyìnbó. Èyí tó bá ara ọmọ wa jà, ìyẹn ni a sọ di àṣà ìbílẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ lọ́yà ló tan iná sí i fún mi. Ó ní apá 214 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa, èyí tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀, inú òfin tí Samuel Griffith kọ, tí Queensland ní Australia sọ di òfin ní 1899, ni wọ́n ti gé e. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí Àríwá ní 1904, nígbà tó di 1916 wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Fojú inú wò ó: aṣọ tí wọ́n wọn fún àwọn darandaran àgùntàn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ Jẹ́gun tàbí Àbọ́dì, àwọn ọba wa, rí, òun la wọ̀ délé yìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ tiwọn ní 1967. Àwọn ará Queensland pàápàá bọ́ tiwọn ní 1990. Àwa ṣì wọ̀ ọ́, a ń gbọn apá rẹ̀ bí agbádá ogún ìdílé. Kò sì tó wa bẹ́ẹ̀: ní oṣù kìíní 2014, Ààrẹ Jonathan bu ọwọ́ lu òfin mìíràn lé e, ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣègbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀ tàbí tó bá ṣe àtìlẹ́yìn fún un. (Èmi kò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ o. Àbúrò mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ òrùlé mi.) Ohun tó wá jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀ ni pé ìjọba Jonathan kan náà yìí ló gbé òfin jáde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé ẹni tó ní kòkòrò HIV kúrò níbi iṣẹ́ tàbí nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n mọ ọ̀nà tí a fi ń dáàbò bo ẹni táyé ń sá fún, nígbà tó bá wù wọ́n.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àṣà ni ẹ fẹ́ kí a sọ, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́. Èdè wo ló ń sọ pé "ó ń bọ̀" tí o kò ní mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo títí yóò fi wọlé? Nígbà tí ìyá rẹ wọ ilé wa, ọmọbìnrin kékeré tí kò tíì yọ eyín tán, "ọkọ mi" ló ń pè é, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin gidi tó ní aya nílé, ń dirun bí ìyàwó, wọ́n sì ń pè é ní ìyàwó Ṣàngó. Ní Kétu, ọkùnrin ló ń gbé ọmú sáyà, tó ń we gèlè láti jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, UNESCO sì gbà á sí ohun iyebíye gbogbo ayé ní 2001. N kò sọ pé ohun kan náà ni gbogbo ìwọ̀nyí pẹ̀lú ohun tí ayé ń jà lé lórí báyìí, má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo kàn ń sọ pé àwọn baba wa kì í ta jìnnìjìnnì bí ọkùnrin bá wọ ìró. Àwọn aṣòfin wa ló ń ta á: ní 2022, wọ́n gbé àbá kan wá sílé aṣòfin l'Ábújá pé kí ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà, àfi bó bá jẹ́ pé eré ló ń ṣe. Ìyẹn ni pé kó máa pa wá lẹ́rìn-ín lórí fóònù, kò burú. Kó máa fi ara rẹ̀ wá iṣẹ́ ṣe, ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní London, ìwọ náà mọ ẹni tí mo ń wí. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ó wálé ní Kérésìmesì, ó jẹ púpurú àti ẹja yó, ó wá nàró láàárín ẹbí, ó ní ìjọba kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú wọn kọ́ ọmọ wa tàbí kí wọ́n ṣe ọ̀gá fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé ta ló bu ọwọ́ lu ìsinmi tó fi wálé. Ó mu omi. Ọ̀gá rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ọkùnrin tó ní ọkọ nílé, òun ló bu ọwọ́ lù ú, òun ló tún jà fún un ní ọdún kan tí aláìsàn kan ní kí dúdú má fọwọ́ kan òun. Mo wá sọ fún un ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu lọ́yà wa, pé òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2010, ewé kan náà ni wọ́n fi di àwọ̀ ara rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ pọ̀. Bí o bá já ewé náà, méjèèjì ló máa dà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe rí níbẹ̀." Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ bí àwa ṣe rí níbí.

Àwa la kó ọkùnrin 57 nílé ìtura kan ní Ẹ̀gbẹ̀dá l'Ékòó ní oṣù kẹjọ 2018. Wọ́n ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe. Lọ́jọ́ kejì ọlọ́pàá kó wọn síwájú kámẹ́rà, gbogbo ayé rí ojú wọn. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá 2020, adájọ́ da ẹjọ́ nù nítorí pé olùpẹjọ́ kò rí ẹlẹ́rìí mú wá. Ẹjọ́ tú ká, àmọ́ ta ni yóò ká àwòrán yẹn kúrò lójú ọ̀gá ibi iṣẹ́, lójú onílé, lójú ìyá? Bisi Alimi tó la ẹnu sọ tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n NTA ní 2004, lórí ètò Funmi Iyanda, ìlú òyìnbó ló gbà lọ ní 2007. Ọmọ Mushin ni. Ọmọ wa ni. Òun náà ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sanwó fún un, àwa sì ń kérora pé ọlọ́pọlọ ń fi ìlú sílẹ̀.

Ọmọ ẹni kò ní burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Èmi ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, n kò sì gbọ́ ibi tí wọ́n ti fi kún un pé àfi èyí tó bá ń rìn bí obìnrin. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Sísí ní kíláàsì, tí olùkọ́ náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, tó wá ń sápamọ́ sí oko ọ̀pẹ títí agogo ìparí ilé ẹ̀kọ́ yóò fi lù, ẹkùn ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ la gba òṣìṣẹ́ fún, ìwé la rán ọmọ lọ kà. Ẹni tó ń sùn lórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó jẹ́ àgbà bíi tirẹ̀, kí ló kàn mí níbẹ̀ tí n kò bá rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò?

Mo rí i, olùkọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, mo wà nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Àkúrẹ́, mo ń dúró kí ó kún, ni ọkùnrin arúgbó kan bá wọlé sí ẹ̀gbẹ́ mi, páńkẹ́ẹ̀kì ṣì wà lójú rẹ̀ díẹ̀. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ahọ́n mi kò gbé ohun mìíràn. A dákẹ́ títí a fi kọjá Oǹdó. Nígbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ gba owó, ó san tèmi mọ́ tirẹ̀ kí n tó ki ọwọ́ bàpò. Wọ́n fún un ní ṣéńjì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dín ní 50 náírà. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ búra pé ó pé. A bá a tún un kà nínú ọkọ̀. Ó dín ní 50 náírà.